ORÍ KEJE: Fífi Sẹ́ńsọ̀ Ìgbóná Omi Sínú Ẹ́ńjìnnì tí A Sọ di Onínọ́súùlù

Ẹni tí ó bá gbọ́njú bá ọkọ̀ oníkábúrétọ̀ kò ní ṣàì rántí ọ̀pá kékeré kan tí ó máa ń yọrí lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní ṣóòkù, tí wọ́n máa ń fà jáde ní àfẹ̀mọ́jú kí wọ́n tó sítáàtì ọkọ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́, nígbà tí òtútù bá ti wọ irin lára ṣinṣin. Bí ìṣẹ́jú díẹ̀ bá kọjá, tí ẹ́ńjìnnì sì ti gbóná, awakọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ a máa tì í padà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wọlé tán. Ṣùgbọ́n aláìbìkítà tí ó bá gbàgbé rẹ̀ síta, èéfín dúdú ni yóò máa tú lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, epo tí ó yẹ kí ó gbé e láti Èkó dé Ìbàdàn yóò sì tán mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Ṣàgámù. Ọwọ́ ènìyàn ni irú kábúrétọ̀ bẹ́ẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé láti mọ̀ bóyá ara ẹ́ńjìnnì tutù tàbí ó gbóná. Nígbà tí a bá wá yọ kábúrétọ̀ náà kúrò, tí a fi nọ́súùlù àti ọpọlọ oníná rọ́pò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe àlàyé rẹ̀ nínú àwọn orí tí ó ṣáájú, iṣẹ́ ọ̀pá ṣóòkù náà bọ́ sọ́rùn ohun èlò kan tí kò ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ, tí a rì bọ inú omi tí ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Ohun èlò náà ni sẹ́ńsọ̀ ìgbóná omi, òun nìkan ṣoṣo ni orí yìí yóò sì dá lé, nítorí pé nínú gbogbo ohun tí a ń rà fún iṣẹ́ yìí, bóyá ni a fi rí èyí tí owó rẹ̀ kéré tó tirẹ̀, tí àṣìṣe lórí rẹ̀ sì ń náni lówó tó bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ tí a ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ ni Peugeot 504, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi han aráyé ní ilẹ̀ Faransé ní 1968, tí ilé iṣẹ́ tí ó wà ní Kàdúná sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní 1975, tí ó fi jẹ́ pé bóyá ni a fi rí ọ̀nà ìlú tàbí ọ̀nà oko ní Nàìjíríà tí kò mọ ìró rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì XN1 rẹ̀, tí ó jẹ́ 1,971 cc, irin ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, alumíníọ̀mù ni orí rẹ̀, omi ni ó sì ń tù ú lára. Àwọn kan nínú ọkọ̀ náà jáde láti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú ínjẹ́kíṣọ̀n, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù Kugelfischer tí ń fi irin àti jíà ṣiṣẹ́ ni ó ń bọ́ wọn, kò sí ọpọlọ oníná níbẹ̀. Oníkábúrétọ̀ ni ó wọ́pọ̀ láàárín wa, òun náà sì ni ẹni tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ lónìí máa ń fẹ́ yí padà.

Ìdí tí ẹ́ńjìnnì tútù fi ń jẹ epo jù

Bẹntiróòlù tí ó ṣì wà ní omi kò ṣe é jó dáadáa. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ dà sínú afẹ́fẹ́ kí iná púlọ́ọ̀gì tó lè mú un. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ara ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé a máa gbóná pẹ̀lú, epo tí nọ́súùlù bá sì fín síbẹ̀ a gbẹ kíákíá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá tutù, apá kan nínú epo náà a lẹ̀ mọ́ ara ihò, a sì máa ṣàn níbẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí ó wọ inú sìlíńdà tí ó sì ṣe é jó kò tó ohun tí a fín. Afẹ́fẹ́ kílò 14.7 sí epo kílò 1 ni ìwọ̀n tí àwọn méjèèjì fi ń jó tán láìṣẹ́kù. Bí apá kan nínú epo náà bá wá dúró lójú ọ̀nà, dandan ni kí a bu òmíràn kún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ́ńjìnnì yóò máa gbọ̀n, yóò sì kú. Bí ara rẹ̀ bá ti ń gbóná, kí àfikún náà máa dín kù, títí yóò fi tán pátápátá nígbà tí omi bá ti wọ ìwọ̀n bíi 70°C sí 80°C.

Epo nìkan kọ́ ni ìgbóná omi ń ṣe ìpinnu lé lórí. Òun ni ọpọlọ ọkọ̀ ń wò kí ó tó mọ bí ẹ́ńjìnnì yóò ti sáré tó nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí túrótù, òun ni ó ń wò láti fa àkókò tí púlọ́ọ̀gì yóò ta iná síwájú tàbí sẹ́yìn, òun náà ni ó sì fi ń mọ ìgbà tí ó yẹ kí fáànù iná bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ṣóòkù àtijọ́ ń ṣe ẹyọ iṣẹ́ kan, bí ó bá sì ṣì í ṣe, awakọ̀ wà níbẹ̀ láti tún un ṣe. Sẹ́ńsọ̀ yìí ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ẹni tí yóò bá a tún un ṣe.

Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin, Ikú Bàbá Yèyé, aláṣẹ èkejì òrìṣà, kì í ṣe ẹni tí a ń rí kiri ìgboro. Ààfin ni ó ń gbé, àwọn ìlàrí ni ó sì ń rán jáde, kí wọ́n lọ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ kí wọ́n sì wá jíṣẹ́. Ohun tí ìlàrí bá wí ni ọba yóò gbọ́, lórí rẹ̀ ni yóò sì pàṣẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọpọlọ ọkọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀sì, ṣe jókòó sínú àpótí rẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù: kò fojú kan iná, kò fọwọ́ kan omi. Bí wọ́n bá jíṣẹ́ fún un pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, yóò bu epo sí i, ìbáà jẹ́ pé rédíétọ̀ ti ń hó yàà níwájú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọpọlọ náà ṣe ìdájọ́ òdodo, ibi tí yóò fi sẹ́ńsọ̀ sí àti bí yóò ṣe fi í sí ni kí ó kọ́kọ́ múra sí.

Ohun tí ó wà nínú rẹ̀

Ní 1833 ni Michael Faraday, onímọ̀ ńlá ará Ìlú Ọba nì, ṣàkíyèsí ohun kan tí ó yà á lẹ́nu: bí ó bá mú irin lásán gbóná, a máa ṣòro fún iná mànàmáná láti gba inú rẹ̀ kọjá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá mú àdàpọ̀ fàdákà àti imí-ọjọ́ gbóná, ń ṣe ni ọ̀nà túbọ̀ ń là fún iná náà. Ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó rí i sọ di ohun tí a lè tà lọ́jà. Samuel Ruben, ará Amẹ́ríkà, ni a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà, ní 1930. Ní òde òní, ìpẹtà àwọn irin bíi máńgánísì, níkẹ́ẹ̀lì àti kóbọ́ọ̀tì ni wọ́n ń lọ̀ kúnná, tí wọ́n ń fi iná sun títí yóò fi le, tí wọ́n á wá fi ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tí ó jáde níbẹ̀ sínú ìdérí idẹ. Ìlẹ̀kẹ̀ náà ni sẹ́ńsọ̀ gan-an; idẹ tí a ń rí kò ju ilé tí ó ń gbé lọ.

Ìdènà tí ìlẹ̀kẹ̀ yìí ń ṣe fún iná ni a ń fi óòmù wọ̀n. Sẹ́ńsọ̀ tí Bosch ti Jámánì ń ṣe, tí ó wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, ń ṣe ìdènà bíi óòmù 2,500 nígbà tí omi bá wà ní 20°C. Bí omi náà bá gbóná dé 80°C, ìdènà náà já wálẹ̀ sí nǹkan bí 320. Ní 100°C, kò ju bíi 186 lọ. Ti General Motors ti Amẹ́ríkà sún mọ́ 3,400 ní 20°C, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbóná tán, òun àti ti Bosch fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sọ ohun kan náà. Ìka kò dọ́gba, sẹ́ńsọ̀ náà kò sì dọ́gba. Ẹni tí ó bá ra ọ̀kan tí ó sì fi ìwé òmíràn kà á, òwúrọ̀ ni yóò ti máa jìyà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kó tó di pé ọ̀sán pọ́n tí ohun gbogbo dàbí ẹni pé ó dára.

Ọpọlọ ọkọ̀ kò mọ óòmù, fóòtì ni ó mọ̀. Ó ń rán fóòtì 5 gba inú ìdènà kan tí ó wà nínú àpótí ara rẹ̀ kọjá lọ sọ́dọ̀ sẹ́ńsọ̀, ó sì ń wo iye tí ó ṣẹ́kù láàárín àwọn méjèèjì. Nínú MegaSquirt, ọpọlọ tí Bruce Bowling àti Al Grippo ṣe ní Amẹ́ríkà fún àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn yí ọkọ̀ padà, ìdènà inú àpótí náà jẹ́ óòmù 2,490. Bí a bá so sẹ́ńsọ̀ Bosch mọ́ ọn, nǹkan bí fóòtì 2.5 ni yóò rí nígbà tí omi bá wà ní 20°C, nígbà tí omi bá sì dé 80°C, kò ní ju 0.57 lọ. Kí òǹkàwé fi nọ́ńbà kékeré yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà dé orí rẹ̀ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ wáyà.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ínjẹ́kíṣọ̀n oníná ti Bosch sí lọ́pọ̀ yanturu, tí a ń pè ní D-Jetronic, ni Volkswagen 1600 ti 1967, ìbátan ìjàpá tí gbogbo wa mọ̀, kò sì ní omi lára rárá, afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú. Inú irin orí ẹ́ńjìnnì gan-an ni wọ́n fi sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ sí. Èyí fi hàn pé ara ẹ́ńjìnnì ni a fẹ́ mọ̀. Omi jẹ́ ọ̀nà tí a ń gbà mọ̀ ọ́n ni.

Ibi tí ó yẹ kí ó wà

Omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ẹ́ńjìnnì, tí kò tíì kọjá tẹ́mósítáàtì, ni ó mọ òtítọ́ jù lọ. Níbẹ̀ ni kí a wá àyè sí: lára orí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ bí ihò kan bá wà tí wọ́n fi púlọ́ọ̀gì irin dí, tàbí lára ilé alumíníọ̀mù tí omi ń gbà jáde, ní ìhà tí ó kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Tẹ́mósítáàtì ni ilẹ̀kùn tí kì í ṣí títí omi yóò fi gbóná tó, èyí tí ó wọ́pọ̀ sì ń ṣí ní nǹkan bí 82°C tàbí 88°C. Ẹni tí ó bá fi sẹ́ńsọ̀ sí òdìkejì ilẹ̀kùn yìí, ní ìhà rédíétọ̀, yóò rí i pé omi tí kò lọ tí kò bọ̀ ni sẹ́ńsọ̀ ń wò ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì fi ń gbóná. Ọpọlọ yóò máa bu epo ẹ́ńjìnnì tútù sí ẹ́ńjìnnì tí ó ti gbóná, títí ilẹ̀kùn yóò fi ṣí lójijì. Họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ tilẹ̀ burú ju ìyẹn lọ, nítorí omi tí ó ti tutù tán ni ó ń gbé padà.

Ohun mìíràn ni pé kí orí sẹ́ńsọ̀ yọ sínú ìṣàn omi gan-an. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fi bùṣì lé bùṣì kí tẹ́rẹ́ẹ̀dì kékeré lè bá ihò ńlá mu, tí orí sẹ́ńsọ̀ yóò fi kù sínú kòtò níbi tí omi kì í ti yí. Irú rẹ̀ kì í purọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, ìròyìn àná kò sì wúlò fún ẹni tí ń dáná lónìí. Bákan náà ni kí a sá fún ibi tí ó ga jù lọ nínú ọ̀nà omi bí kò bá sí ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà jáde níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa ń sá sí, sẹ́ńsọ̀ tí ó bá sì wà nínú afẹ́fẹ́ kò mọ ìgbóná omi.

Nísinsìnyí, mo ní láti sọ̀rọ̀ lórí àṣà kan tí ó ti di bárakú láàárín àwọn mẹkáníìkì wa, èyí ni yíyọ tẹ́mósítáàtì dànù. Bí ọkọ̀ bá ti ń gbóná jù, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni kí wọ́n tú u, kí wọ́n sọ fún oníbàárà pé ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Òótọ́ ni pé ó lè dàbí ẹni pé ara ọkọ̀ yá fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Rédíétọ̀ tí ìdọ̀tí ti dí, pọ́ǹpù omi tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti jẹ, tàbí ìdérí rédíétọ̀ tí kò dì mọ́, ni ó sábà máa ń fa àrùn náà, wọ́n sì ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí tẹ́mósítáàtì ti lọ. Lábẹ́ kábúrétọ̀, ìwà yìí lè má hàn sí ẹni tí kò fara balẹ̀ wò ó. Lábẹ́ nọ́súùlù, kò ní pẹ́ hàn: ọkọ̀ tí ń sáré lójú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí kò ní jẹ́ kí omi gbóná dé ibi tí ó yẹ, sẹ́ńsọ̀ yóò sì máa jíṣẹ́ òdodo pé ẹ́ńjìnnì tutù, ọpọlọ yóò gbọ́, epo yóò sì máa ṣòfò láti Èkó dé Ìlọrin. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi sẹ́ńsọ̀ sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ dá tẹ́mósítáàtì padà sáyè rẹ̀.

Ọwọ́ ni iṣẹ́

Iṣẹ́ Ògún Lákáayé ni èyí, Ògún kì í sì í fẹ́ ìwàǹwára. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kí a tó fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀, nítorí omi tí ó wà lábẹ́ ìdérí náà ń ru ju bí a ti rò lọ: ìdérí tí ó ń di agbára bíi báà 1 mú kì í jẹ́ kí omi hó títí yóò fi dé nǹkan bí 120°C, ẹni tí ó bá sì ṣí i ní gbígbóná, ojú rẹ̀ ni omi náà yóò kọ́kọ́ bá. Kí a fa omi kúrò nísàlẹ̀ sínú abọ́ mímọ́, kí a tú ilé alumíníọ̀mù náà kúrò lára ẹ́ńjìnnì bí ó bá ṣeé ṣe, kí a sì gbé e lọ sórí tábìlì tàbí sọ́dọ̀ tánà.

Sẹ́ńsọ̀ Bosch sábà máa ń ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì M12 × 1.5, dírílì 10.5 mm ni a ó sì fi lu ihò rẹ̀ kí a tó fi táàpù gé tẹ́rẹ́ẹ̀dì. Ti General Motors tí àwọn tí ń yí ọkọ̀ padà máa ń rà jẹ́ ínṣì 3/8 NPT, ihò rẹ̀ sì fẹ́ 37/64 ínṣì, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 14.7 mm. Kí a wo bí ara ilé náà ti nípọn tó kí a tó yan èyí tí a ó lò. Bí ara rẹ̀ bá tín-ínrín, kí a jẹ́ kí wẹ́dà lẹ alumíníọ̀mù díẹ̀ mọ́ ọn ná, nítorí tẹ́rẹ́ẹ̀dì tí kò rí ibi dì mú kò ní pẹ́ já. Tẹ́rẹ́ẹ̀dì NPT ń fẹ̀ sí i bí ó ti ń lọ, bí táàpù bá wọlé jù, ihò yóò gbòòrò, sẹ́ńsọ̀ yóò sì rì sínú láìdì. Kí a máa gé e díẹ̀, kí a máa fi sẹ́ńsọ̀ dán an wò, kí a tún gé e díẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Bí ó bá di dandan kí a lu ihò náà lórí ẹ́ńjìnnì láìtú u, kí a fi gíríìsì kun ẹnu dírílì àti ojú táàpù kí ó lè máa mú eérú irin, kí a sì fi omi púpọ̀ ṣan ọ̀nà náà lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá ń dì í, tẹ́rẹ́ẹ̀dì M12 fẹ́ wáṣà bàbà tuntun. NPT fẹ́ oje ìdíhò díẹ̀ lára tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kì í ṣe lórí orí rẹ̀. Idẹ rọ̀, alumíníọ̀mù náà rọ̀, nítorí náà kí apá má lò tó agbára rẹ̀.

Àṣìṣe kan wà tí ó wọ́pọ̀ púpọ̀: kí ènìyàn yọ sẹ́ńsọ̀ géèjì tí ó ti wà níbẹ̀ láti ilé iṣẹ́, kí ó fi tuntun sí ojú ihò rẹ̀, kí ó sì retí pé ẹyọ kan ṣoṣo yóò máa sin géèjì àti ọpọlọ. Ti géèjì ní wáyà ẹyọ kan, ara irin ẹ́ńjìnnì ni ó fi ń parí ọ̀nà iná rẹ̀, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a fi oje púpọ̀ dí tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ti ọpọlọ ní wáyà méjì, kò sì nílò ara irin. Bí a bá so méjèèjì pọ̀, iná tí géèjì ń rán yóò ba iye tí ọpọlọ ń kà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí géèjì pa tirẹ̀ mọ́, kí awakọ̀ lè máa fi ojú ara rẹ̀ wo ìgbóná ọkọ̀, kí ẹ sì wá ihò mìíràn fún ti ọpọlọ.

Wáyà, àti bí a ṣe ń dán an wò

Nínú wáyà méjì tí ó ti ara sẹ́ńsọ̀ jáde, ọ̀kan ń lọ sí ojú ibi tí ọpọlọ ti ń ka ìgbóná omi, èkejì ń lọ sí ibi tí ọpọlọ fún àwọn sẹ́ńsọ̀ nìkan láti dá iná padà. Àwọn rewáyà kan máa ń rò pé ẹ́ẹ̀tì ni ẹ́ẹ̀tì ń jẹ́, wọ́n á sì so èkejì yìí mọ́ ara ọkọ̀ níbikíbi tí bóòtì bá wà. Ara ọkọ̀ náà ni iná fáànù, ti pọ́ǹpù epo àti ti nọ́súùlù ń gbà padà sí bátìrì, bí iná púpọ̀ bá sì ti ń kọjá níbì kan, fóòtì ibẹ̀ kì í ṣe òdo mọ́. Ẹ rántí 0.57 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan: bí ìdámẹ́wàá fóòtì kan péré bá kún un láti ara ọkọ̀, ọpọlọ yóò gbà pé omi tutù ju bí ó ti rí lọ ní nǹkan bíi dígírì 5, yóò sì máa yí ọkàn padà ní gbogbo ìgbà tí fáànù bá ṣí tàbí pa. Kí wáyà méjèèjì máa rìn pọ̀, kí wọ́n sì jìnnà sí wáyà púlọ́ọ̀gì.

Kí a tó dì í pa, ó yẹ kí a gbé sẹ́ńsọ̀ náà lọ sí ilé ìdáná pẹ̀lú tẹ̀mómítà àti mítà tí ń wọn óòmù. Kí a rì í bọ inú yìnyín tí ń yọ́, èyí tí í ṣe 0°C, kí a kọ óòmù rẹ̀ sílẹ̀. Kí a tún wọ̀n ọ́n nínú omi lásán tí tẹ̀mómítà wà nínú rẹ̀. Kí a sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta nínú omi tí ń hó. Ní Èkó, omi tí ń hó jẹ́ 100°C, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní Jos, níbi tí ilẹ̀ ti ga tó nǹkan bí mítà 1,200 ju ojú òkun lọ, kí ó mọ̀ pé nǹkan bí 96°C ni omi tirẹ̀ ń hó. Ìwọ̀n mẹ́ta yìí ni a ó tẹ̀ sínú ọpọlọ ọkọ̀, òun fúnra rẹ̀ yóò sì ṣírò àwọn tí ó kù. Ẹni tí ó bá ṣe èyí kò ní í bẹ̀rù bóyá ayédèrú ni wọ́n tà fún un lọ́jà, nítorí yóò ti mọ ohun tí sẹ́ńsọ̀ tirẹ̀ ń sọ.

Nígbà tí a bá ń da omi padà, kí ó jẹ́ kúláǹtì tí a fi omi mímọ́ là. Omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ lásán a máa mú irin dípẹtà, ìpẹtà náà a sì máa bo orí sẹ́ńsọ̀ títí yóò fi di ẹni tí ó wọ ẹ̀wù nípọn, tí kì í tètè mọ ìgbà tí ìgbóná yí padà. Kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ díẹ̀ pẹ̀lú ìdérí rédíétọ̀ ní ṣíṣí láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó ṣì tutù, kí afẹ́fẹ́ lè máa yọ jáde, kí a máa da omi kún un bí ó ti ń lọ sílẹ̀, kí a sì dé e kí ó tó gbóná. Bí gbogbo rẹ̀ bá tọ́, ní òwúrọ̀ ìgbóná tí ọpọlọ bá kà kí a tó sítáàtì yóò bá ti ojú ọjọ́ mu. Lẹ́yìn náà yóò máa gòkè láìfò, yóò sì dúró sí ìtòsí ìwọ̀n tẹ́mósítáàtì.

Bí ó bá fò sókè, tí ó tún já, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú omi. Bí ó bá ń ka −40°C ní Abẹ́òkúta, kò sí ohun tí ó ṣe ojú ọjọ́. Wáyà ni ó já, ọpọlọ sì ti ń bu epo fún òtútù tí a kò rí rí nílẹ̀ yìí, púlọ́ọ̀gì yóò dúdú, èéfín yóò sì bo àdúgbò. Bí ó bá sì ń ka ìgbóná tí ó ré kọjá ohun tí omi lè gbà, wáyà méjèèjì ti kan ara wọn níbì kan. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò le láti jí láàárọ̀, nítorí kò ní rí àfikún epo kankan gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń múra láti yí ọkọ̀ yín padà, ẹ má ṣe jẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ yìí jẹ́ ohun ìkẹyìn tí ẹ óò rántí ní ìrọ̀lẹ́ tí ara ti rẹ gbogbo òṣìṣẹ́. Ẹ tún rédíétọ̀ ṣe, ẹ dá tẹ́mósítáàtì padà, ẹ wá ibi tí omi gbígbóná ti ń ṣàn, kí ẹ sì bi sẹ́ńsọ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta nínú ilé ìdáná kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ọpọlọ tí ó gbówó lórí jù lọ kò lè ṣe ìdájọ́ tí ó dára ju ìròyìn tí ó gbọ́ lọ.